Sípíríǹgì Ló Ń Ru Ẹrù, Ṣọ́ọ̀kì Kò Ru Nǹkan Kan

Nínú gbogbo ohun tó máa ń bàjẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ oko, kò sí èyí tí a máa ń fojú fò dá tó ṣọ́ọ̀kì, páìpù ọlọ́ìlì tó wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò lórí sípíríǹgì rẹ̀. Bí bírékì kò bá mú mọ́, a ó sáré gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Bí táyà bá jò, kò sẹ́ni tó máa rọ̀ wá kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì lè kú tipẹ́tipẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, kí ọkọ̀ ṣì máa lọ, kó máa bọ̀, àwa a sì máa sọ pé ọ̀nà ló burú. Ọ̀nà burú lóòótọ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó láàárín oṣù Òkúdù sí Agẹmọ kò ní jiyàn: àwọn agbégilódò ti fi táyà gbẹ́ kòtò gígùn sínú ilẹ̀ pupa, omi dúró sínú kòtò, gbòǹgbò igi sì yọrí síta níbi tí omi ti wọ́ ilẹ̀ lọ. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀kì ti wúlò jù, torí àti ẹ̀mí àti ẹrù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ mi. Mo ní oko ti ara mi, mo sì tún máa ń ra ẹ̀gẹ́ lóko àwọn ẹlòmíràn, mo ń kó o wá síbi tí a ti ń lọ̀ ọ́, tí a ń fún un, tí a sì ń yan án. Gààrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ohun tí a ń kánjú ṣe, ó gbọ́dọ̀ kan dáadáa kó tó dé orí iná. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń kánjú. Bí a bá ti hú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá dùbúlẹ̀ sóko pẹ̀lú ẹrù, owó ló ń jẹrà níbẹ̀.

Hilux 2002 ni ọkọ̀ tí mò ń lò, oníbọ́dì ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fà bí mo bá ti fa jíà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá. Àwọn kan ti ní kí n tà á, kí n fi owó díẹ̀ lé e, kí n ra tuntun. Mi ò ṣe tán. Kò sí mẹkáníìkì kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìjẹ̀bú-Òde tí kò mọ inú irú ọkọ̀ yìí, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, ṣáásì rẹ̀ kò sì tíì jẹ. Lábẹ́ iwájú rẹ̀, irin gbọọrọ kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì, tí wọ́n ń pè ní torsion bar. Bí táyà bá gòkè, irin náà á lọ́. Bí táyà bá sì ti kọjá gegele, irin á tún padà sípò rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀yìn, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ló wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní líìfù. Àwọn yẹn ni sípíríǹgì ọkọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ sípíríǹgì yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Iná iwájú ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Mò ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́, mo ti kọjá Òru, mo ń lọ sí ìhà Àwà, mo bọ́ sínú kòtò kan tí kò jìn rárá. Iná ọkọ̀ gun orí igi, ó bọ́ sílẹ̀, ó tún gun orí igi, ó tún bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòtò ti wà lẹ́yìn tipẹ́. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bá dá ṣáṣá, bó bá bọ́ sí kòtò, ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan, kó wálẹ̀, kó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí àwọn nǹkan mìíràn. Bí mo bá tẹ bírékì, imú ọkọ̀ á tẹ̀ síwájú, ìdí rẹ̀ á sì fúyẹ́. Bí mo bá ń yà ní kọ́nà pẹ̀lú ẹrù, gbogbo ọkọ̀ á fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, á sì pẹ́ kó tó nàró.

Ẹni tó fi ọwọ́ mi kan ọ̀rọ̀ náà ni ọmọkùnrin fọ́kánáísà tó máa ń bá mi ṣe táyà. Ó yọ táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, ó gbé e dùbúlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín gba orí rẹ̀ yípo.” Mo fọwọ́ gbà á. Ó ga níbì kan, ó ròkòtò níbì kan, ó tún ga, ó tún ròkòtò, bẹ́ẹ̀ ló rí yíká gbogbo ojú táyà náà. Ojú lásán kò lè rí i dáadáa, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ó wá ṣàlàyé fún mi: táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ máa ń kéré, etí rẹ̀ méjèèjì ló máa jẹ, èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ jù, àárín rẹ̀ ló máa jẹ, èyí tí aláínmẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn bí táyà ṣe dúró, kò bá gún, etí kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ lábùlẹ́-lábùlẹ́ báyìí, ṣọ́ọ̀kì ni kí a kọ́kọ́ wò. “Táyà yìí ò yí nílẹ̀ o, Màmá, fífò ló ń fò.” Táyà tó bá sì ń fò, ìgbà tó bá wà lókè, kò di ilẹ̀ mú. Bírékì tó dára jù lọ láyé kò lè dá táyà tí kò kan ilẹ̀ dúró. Gbólóhùn yẹn ló mú mi lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì mi.

Mo fẹ́ kí àwa tí kì í ṣe mẹkáníìkì mọ ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á ní ìtàkutà. Páìpù irin ni, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá dídán kan ti òkè wọnú páìpù náà, pístìnì wà ní ìdí ọ̀pá yẹn, ihò tóótòòtó sì wà lára pístìnì. Bí táyà bá gòkè, ọ̀pá á wọlé. Bí táyà bá wálẹ̀, ọ̀pá á jáde. Lọ́nà méjèèjì, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gba inú àwọn ihò tóóró yẹn kọjá kí ọ̀pá tó lè rìn. Ẹ fi ìka dí ẹnu páǹpù kẹ̀kẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mọ bí ìnira náà ṣe ń rí. Ìnira yẹn ló ń gba agbára kúrò lára sípíríǹgì tó fẹ́ máa fò, ó ń sọ agbára náà di ooru, atẹ́gùn sì ń gbé ooru náà lọ. Nínú àwọn tó ní gáàsì, nitrogen ni wọ́n fi sínú wọn, kí ọ́ìlì má baà máa yọ ìfófòó bí ọ̀pá bá ń wọlé tó ń jáde kíákíá lójú ọ̀nà jágajàga. Ọ́ìlì tó ti di ìfófòó kò lè di nǹkan kan mú.

Síìlì kan ló wà lẹ́nu páìpù náà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, òun ni iyanrìn àti ẹrẹ̀ oko wa máa ń bá jà. Bí ẹrẹ̀ tó gbẹ bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, yóò máa fi í ha síìlì nígbàkígbà tó bá wọlé. Àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì sọ pé ó lé ní 1,000 ìgbà tí ọ̀pá náà máa ń lọ sókè sódò láàárín kìlómítà kan, lójú ọ̀nà tó dáa pàápàá. Monroe, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì, máa ń ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti fi í rin nǹkan bí 80,000 kìlómítà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà oko ni ọkọ̀ ń gbà, pẹ̀lú ẹrù, èmi ò ní dúró de iye yẹn.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, àwọn kan tó jókòó síbẹ̀ ti ṣèdájọ́ kí ọ̀gá tó yọjú. Wọ́n wo ìdí ọkọ̀, wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀, pé ṣọ́ọ̀kì ti kú ni, pé kí n ní kí wọ́n fi líìfù kan kún ti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ á dópin. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, ó sì wà lára ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí. Ọ̀gá jáde, ó gbọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sí àyè rẹ̀. Ó ní, “Màmá, sípíríǹgì ló ń ru ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì kò ru nǹkan kan. Bí mo bá yọ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára ọkọ̀ yín báyìí, kò ní lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà yìí lọ. Ohun tó máa ṣe ni pé kò ní yé jó.”

Ẹ wo bí àṣìmọ̀ yẹn ṣe ń ná wa lówó. Ẹni tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ á lọ ra ṣọ́ọ̀kì, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní gbéra. Ẹni tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú á lọ fi líìfù kún un, ọkọ̀ á wá le bí pákó, á sì máa fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí sípíríǹgì tó bá le jù ń fẹ́ ṣọ́ọ̀kì tó lágbára láti mú un dúró. Mo ti rí ẹni tó fi líìfù méjì kún ọkọ̀ rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá ga ju iwájú lọ nígbà tí kò bá sí ẹrù. Ọkọ̀ tèmi lọ sílẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ọ̀gá sì wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó rí i pé wọ́n dọ́gba, kò sí líìfù tó dá, ó ní ọjọ́ orí ni, kí a fi í sílẹ̀.

Ó wá yẹ ṣọ́ọ̀kì wò. Ó kọ́kọ́ gun bọ́ńpà ẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ gòkè sódò ní ìgbà bíi mẹ́ta. Àmọ́ ó kìlọ̀ fún mi pé ìdánwò yìí kì í mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ̀, èyí tó ti kú pátápátá nìkan ló ń mú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tó ṣe ni pé ó ní kí a gbé ọkọ̀ jáde, kí a gba ojú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun fún ìgbà díẹ̀, kí a sì padà. Bí a ṣe dé, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Méjì tó wà níwájú gbóná, ọ̀kan nínú wọn gbóná ju èkejì. Ti ẹ̀yìn òsì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti ẹ̀yìn ọ̀tún tutù bí ẹni pé ọkọ̀ kò rìn rárá. Èyí tó tutù kò ṣiṣẹ́, torí ooru ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀tún yẹn náà sì ni táyà tí fọ́kánáísà ní kí n fọwọ́ gbà. Ọ́ìlì ti ṣàn sí ara rẹ̀, eruku lẹ̀ mọ́ ọ́n, ó nípọn bí àmọ̀.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fẹnu kò lé lórí. Bí owó bá há, ó kéré tán, kí a pààrọ̀ méjì tó jọ wà lórí ìlà kan pọ̀, iwájú méjì tàbí ẹ̀yìn méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan tuntun sọ́tùn-ún kó fi ògbólógbòó sílẹ̀ lósì. Ọ̀kan á di ilẹ̀ mú, èkejì á máa fò, ọkọ̀ á sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bírékì lójijì.

Tókúnbọ̀ tàbí tuntun? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti dúró. Èmi náà máa ń ra tókúnbọ̀ nǹkan púpọ̀. Ilẹ̀kùn tókúnbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Jíà bọ́ọ̀kìsì tókúnbọ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀kì tókúnbọ̀, rárá o. Ohun tó máa ń gbó lára ṣọ́ọ̀kì wà nínú páìpù tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí wò. Síìlì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ọ́ìlì rẹ̀ ti gbóná tó ti tutù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀nba tó kù ni wọ́n ń tà fún wa. Àwọn kan tún wà tó máa ń lu ihò sí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, kí wọ́n fi ọ́ìlì kún un, kí wọ́n wẹ́dì ihò náà, kí wọ́n kùn ún ní dúdú. Yàtọ̀ sí pé kò lè pẹ́, iná wẹ́dà lára ohun tí gáàsì wà nínú rẹ̀ lè pa èèyàn. Owó tuntun wọ́n, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò táyà méjì tí ṣọ́ọ̀kì tó kú máa ń jẹ mọ́ ọn.

KYB la rà, ti ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ tó ti wà láti 1919. Páálí tó jọ ti gidi pọ̀ lọ́jà, nítorí náà, a kò gba páálí gbọ́, a ṣí i. Ọ̀gá wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, ó fi wé ti páálí. Ó fi èékánná ha ọ̀pá rẹ̀ láti wò ó bóyá ó dán gún régé, tàbí bóyá ìpẹta ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, torí ọ̀pá tí nǹkan bá ti ha lára á jẹ síìlì láìpẹ́. Ó tú okùn tó di ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn, ó gbé e nàró sílẹ̀, ó tẹ ọ̀pá wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìnira rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí ó ti bọ́ gbàrà. Nígbà tó yọwọ́, ọ̀pá náà rọra gòkè fúnra rẹ̀, bí oníṣọ́ọ̀kì gáàsì ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Bí ẹ bá ra oníọ́ìlì lásán, òun kò ní gòkè fúnra rẹ̀, ẹ má sì torí ìyẹn dá a padà.

Àárín oṣù kẹjọ la ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìgbà yẹn, nítorí oko yóò gbẹ, ẹrù kò ní pọ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kò sì ní kún bí ó ṣe máa ń kún nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà yẹn, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi ń bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba, ọkọ̀ gbogbo wọn ló sì fẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹrẹ̀ kúrò lójú gbogbo nọ́ọ̀tì, ó sì ti ta kẹrosíìnì tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì jíà pupa sí i. Ó tún ta á sí i ní òwúrọ̀. Ilẹ̀ kọnkéré la gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀gá fi igi dá táyà iwájú dúró, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, ó sì fi irin ìdúró méjì sábẹ́ ṣáásì kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi bíríkì lásán ṣe é. Bíríkì máa ń là lójijì, kì í kìlọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti fi bíríkì gbé ọkọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó fi jáàkì kejì sábẹ́ áásìlì ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò sì jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀kì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí áásìlì wálẹ̀ jù. Bí a bá yọ ọ́ tí áásìlì rọ̀, rọ́bà bírékì ló máa fà títí, ó sì lè já.

Bóòtù òkè ẹ̀yìn ọ̀tún yọ wẹ́rẹ́. Ti ìsàlẹ̀ ni wàhálà. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n bóòtù fúnra rẹ̀ kò kúrò. Irin róbótó tó wà láàárín bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà lójú ṣọ́ọ̀kì tí bóòtù ń gbà kọjá, ti dípẹta mọ́ ọn, wọ́n ti di ẹyọ kan. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń yí bóòtù, rọ́bà ni ó ń lọ́, ó ń dún kìjìkìjì, bóòtù kò rìn. Wọ́n fi páìpù mú apá sípáná gùn, rọ́bà ya, síbẹ̀ bóòtù wà níbẹ̀. Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n gbé òòlù ńlá sí i, ó ní ibi tí wọ́n so ó mọ́ lára áásìlì ló máa tẹ̀. Ó mú ayùn irin, ó fi ọ̀bẹ gé rọ́bà kúrò títí irin róbótó náà fi hàn, ó wá fi ayùn gé bóòtù náà lápá ọ̀tún, ó gé e lápá òsì, láìkan etí ibi tí wọ́n so ó mọ́ rárá. Ó gbà á ní àkókò tó pọ̀ ju gbogbo ìyókù iṣẹ́ ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì náà já bọ́, mo gbé e. Mo tẹ ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé wọ̀ọ̀. Mo fà á, ó jáde wọ̀ọ̀. Inú rẹ̀ ń dún bí ẹni ń fa omi ìsàlẹ̀ ife mu. Irú èyí ni mo ń gbé ẹ̀gẹ́ tó tó tọ́ọ̀nù kan lé lórí láti oko.

Bóòtù tuntun la lò fún ibẹ̀, ọ̀gá sì fi gíríìsì pa ara rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ẹni tó bá máa tú u lọ́jọ́ mìíràn má baà jìyà bíi tiwa. Kí ó tó gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, ó gbé e nàró, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé ó sì jẹ́ kó jáde nígbà bíi mélòó kan, kí atẹ́gùn tó bá ti wọ àárín ọ́ìlì nígbà tí páálí wà ní ìdùbúlẹ̀ lè gòkè.

Iwájú yàtọ̀. Níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ní ojú tí bóòtù ń gbà. Òkè rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tó yọ gba inú ihò, rọ́bà wà lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà wà lórí rẹ̀, wáṣà dé e, nọ́ọ̀tì sì wà ní ténté. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí a bá ń tú nọ́ọ̀tì, gbogbo ọ̀pá á máa bá a yí. Ibi pẹlẹbẹ kékeré kan wà ní orí ọ̀pá náà tí a ó fi sípáná dì mú. Ẹ má gbà kí wọ́n fi páláyà di ara ọ̀pá tuntun mú nísàlẹ̀ torí pé wọ́n ń kánjú. Eyín páláyà á ha á, ibi tó ha yẹn á máa wọnú síìlì lọ, kò ní pẹ́ tí ọ́ìlì á fi máa jáde. Àwọn ṣọ́ọ̀kì gáàsì tuntun máa ń ní okùn tó dì wọ́n mọ́lẹ̀ ní kíkúrú. Ọ̀gá kọ́kọ́ fi orí rẹ̀ sí ihò òkè ná, ó wá gé okùn náà, ọ̀pá sì gòkè wọ àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti nọ́ọ̀tì òkè títí rọ́bà fi wú débi etí wáṣà, kò tì í kọjá ibẹ̀. Rọ́bà tí a bá tẹ̀ pa kò lè ṣiṣẹ́ rọ́bà mọ́.

A kò fọwọ́ kan torsion bar rárá. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì nìkan kò ní ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Bí mẹkáníìkì kan bá ní òun fẹ́ fi torsion bar gbé iwájú ọkọ̀ yín sókè díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ̀ pé gbogbo bí táyà ṣe dúró ló máa yí padà, aláínmẹ́ǹtì sì di dandan.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka èyí bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín, torí ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Àwọn bóòtù tó gba inú bọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá kò tì wọ́n pa nígbà tí ọkọ̀ wà lókè. Ó fi ọwọ́ tì wọ́n débi tí kò ní já bọ́, ó dá táyà padà, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gbọn ọ́n síwá sẹ́yìn kó jókòó dáadáa, ìgbà yẹn ló tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tó tì wọ́n pa. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ti tì í pa, rọ́bà bọ́ọ̀ṣì á di bóòtù mú gírígírí, bó bá fẹ́ rìn, lílọ́ ni á máa lọ́. Bí a bá tì í pa nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, a jẹ́ pé nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dúró nílẹ̀, rọ́bà ti lọ́ tán kó tó rìn rárá. Bó bá tún wá bọ́ sí kòtò, yíya ló kù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n ní kò dáa, bí wọ́n ṣe dè é ni kò dáa.

A gbé e jáde. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá wà lẹ́yìn, ó ń tẹ́tí sí ìró abẹ́ ọkọ̀. Èmi ni mo di sítíárì mú. Ní kòtò àkọ́kọ́, ọkọ̀ wọlé, ó jáde, ó dákẹ́. Mo tẹ bírékì, imú rẹ̀ dúró. Ó le díẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí kò sí ẹrù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá fi ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo ń bọ̀ láti oko, mo gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú afárá pákó, ibi tí ìdí ọkọ̀ ti máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ tí àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹrù fi máa ń pariwo. Kò fì. Àwọn ọmọ náà ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Lálẹ́, iná iwájú dúró sójú títì níbi tí mo tọ́ka rẹ̀ sí.

Táyà tó ti jẹ lábùlẹ́-lábùlẹ́ kò lè wò sàn o. Yóò ṣì máa dún wùùwùù lójú títì, ẹ má sì torí ìró náà sọ pé ṣọ́ọ̀kì tuntun kò ṣiṣẹ́. Mo ti yí tèmi sí ibòmíràn lára ọkọ̀, tí agbára bá tún dé, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo sì ti dá ọkọ̀ padà fún ọ̀gá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí ó tún fi sípáná kan gbogbo nọ́ọ̀tì náà, torí ohun tuntun máa ń jókòó. Ọ̀kan níwájú gba díẹ̀ sí i, àwọn yòókù kò yẹ̀.

Ìró kan ṣì kù lápá ẹ̀yìn, kọ́ kọ́ kọ́, bí mo bá ń rọra gba gegele kọjá láìsí ẹrù. Ọ̀gá ti fi irin gbọọrọ ti ojú líìfù wò, ó ní bọ́ọ̀ṣì tó wà níbi tí líìfù gbé so mọ́ ṣáásì ló ti jẹ, òsì ju ọ̀tún lọ. Mo ti ra bọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí a bá ti kó ẹ̀gẹ́ oko ìsàlẹ̀ odò tán kí òjò oṣù kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, a ó tú ibẹ̀.